Iṣẹ́ Dísípáàṣì Nílùú Èkó: Bí Ó Ṣe Gbilẹ̀, àti Ẹni Tó Ń Ru Ẹrù Ìjàǹbá Rẹ̀

Kò sí òpópónà pàtàkì kan nílùú Èkó lónìí tí ènìyàn yóò dúró sí fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò ní í rí wọn: àwọn ọ̀dọ́ tó gun alùpùpù tí àpótí ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, àti, ní àwọn àdúgbò bíi Yábàá àti Lẹ́kkí, àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ ológeere pẹ̀lú àpò oúnjẹ onígun mẹ́rin lẹ́yìn wọn. Dísípáàṣì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń gbé aṣọ láti Balógun lọ sí Ajah, tí wọ́n ń gbé oògùn dé ọ̀dọ̀ aláìsàn tí kò lè jáde, tí wọ́n sì ń gbé àmàlà dé ọ́fíìsì kí ó tó tutù. Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe di ńlá láàárín ọdún díẹ̀ àti ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀. Yóò sì dá lé ọ̀rọ̀ kan tí a kì í sábà bá ara wa sọ: nígbà tí ọmọ dísípáàṣì bá ṣubú lójú títì, ta ni yóò san owó ìtọ́jú rẹ̀?

Láti ọ̀dọ̀ póòsìmáànù dé ọ̀dọ̀ ọlọ́kadà

Jíjẹ́ iṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ méjì kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Kí tẹlifóònù tó kárí, póòsìmáànù a máa gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti ilé dé ilé. Bí ẹnì kan bá tẹ wáyà láti ọ̀nà jíjìn, ọmọṣẹ́ póòsì ni yóò fi kẹ̀kẹ́ gbé e dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Wolé-wolé, akọ̀wé kóòtù, tíṣà, àti àgbẹ̀ oníkòkó tí owó bá wọlé fún lẹ́yìn ìkórè, gbogbo wọn ló mọ iyì Raleigh, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ìbílẹ̀ a máa gba owó láísẹ́nsì lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn àgbà tó bá ka èyí yóò rántí pé sísá fún àwọn tó ń yẹ láísẹ́nsì wò wà lára eré ìdárayá ìgbà náà.

Nígbà tí a fi máa dé àwọn ọdún 1980, alùpùpù ti ń gba ipò kẹ̀kẹ́. Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ni àwọn aráàlú yá orúkọ rẹ̀ fún alùpùpù akérò, nítorí pé ó ń yọ́ kọjá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bí ẹni pé ó ń fò. Láti ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ ológeere ti di ohun ìṣeré ọmọdé lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, tàbí àmì pé nǹkan kò rọgbọ fún ẹni tó gùn ún. Ojú yẹn ni a ṣì fi ń wò ó títí di àìpẹ́ yìí, ó sì pa wá lára ju bí a ti rò lọ.

Òfin tó sọ alùpùpù akérò di akẹ́rù

Òfin ìrìnnà ojú pópó ti ìpínlẹ̀ Èkó tó jáde ní ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò lórí ojú ọ̀nà 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, ìdíwọ́ tó le ju ti ìṣáájú lọ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 àti ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 9, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ gba orí ọ̀nà márosẹ̀ 10 àti afárá 40. Ààbò àti ìjàǹbá ni ìdí tí ìjọba sọ. Gẹ́gẹ́ bí ìkéde ìgbà náà, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ nìkan gba ìjàǹbá tó tó 10,000 láàárín ọdún 2016 sí 2019, àwọn tó sì kú nínú èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ju 600 lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìfòfindè pátápátá dé sórí ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Erékùṣù Èkó, Lagos Mainland àti Àpápá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Kóṣọfẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Múṣìn kún wọn.

Ìjọba yọ alùpùpù tó ń gbé ẹrù jíṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìfòfindè náà, lórí àdéhùn kan: kò gbọdọ̀ gbé èrò. Ó yẹ kí olùgbé ìpínlẹ̀ yìí fi èyí sọ́kàn. Ẹni tó bá bẹ dísípáàṣì pé kó ju òun síwájú díẹ̀ ń fi alùpùpù onítọ̀hún wewu, nítorí ohun tí òfin fi dá a sí gan-an ni ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rú.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti ń fi áàpù orí fóònù kó èrò sórí alùpùpù kò dúró de ẹnikẹ́ni. Gokada yí padà kúrò lórí gbígbé èrò sí gbígbé ẹrù. MAX, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015 pẹ̀lú gbígbé ẹrù kí ó tó yà sí ọ̀dọ̀ èrò, padà sídìí iṣẹ́ tó bá wá sáyé. Kò sì pé oṣù méjì lẹ́yìn ìfòfindè àkọ́kọ́ tí àrùn kòrónà fi dé. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta ọdún 2020, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ṣọ́ọ̀bù tì pa, ọjà tú ká, àmọ́ oúnjẹ àti oògùn gbọ́dọ̀ rìn. Ọ̀pọ̀ ìyá tí kò tíì tajà lórí fóònù rí ló kọ́ ọ lóṣù náà, láti orí WhatsApp àti Instagram. Nígbà tí wọ́n sì ṣí ìlú padà, wọn kò fi àṣà náà sílẹ̀ mọ́. Báyìí ni ẹnu ọ̀nà méjì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ tó mọ alùpùpù gùn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣòwò tó ń wá ẹni tí yóò gbé ọjà wọn.

Kẹ̀kẹ́ ológeere padà wá

Ohun tó dá kẹ̀kẹ́ ológeere padà sójú títì ni owó epo. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, nǹkan bí náírà 185 ni lítà epo bẹntiróòlù kan ní Èkó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó di 488 ní ilé epo NNPC. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti di 998. Ẹni tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ láti òpin òpópónà kan dé òpin èkejì rí i pé epo ń jẹ èrè rẹ̀ tán. Kẹ̀kẹ́ ológeere kò mu epo, kò sì wọ́n tó alùpùpù láti rà. Fún ìrìn kílómítà méjì tàbí mẹ́ta ní àdúgbò tó pọ̀ ní ilé oúnjẹ, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà lè má pẹ́ ju alùpùpù lọ, pàápàá lákòókò tí ọkọ̀ bá dí pa.

Ohun mìíràn tún ràn án lọ́wọ́, èyí tí kì í ṣe ti owó. Ní àárọ̀ kùtùkùtù òpin ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá gba ìhà Lẹ́kkí àti Ìkòyí kọjá yóò rí àwọn ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́, lọ́yà àti dókítà, pẹ̀lú akoto lórí àti aṣọ tó ń tàn yanran. Kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn nínú wọn wọ́n ju alùpùpù lọ. Àwọn yẹn ń gùn ún fún ìlera, ọmọ dísípáàṣì ń gùn ún fún oúnjẹ òòjọ́. Síbẹ̀, ojú títì kan náà ni wọ́n jọ ń pín pẹ̀lú dánfó àti tírélà, ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ sì ṣọ̀wọ́n púpọ̀ nílùú wa. Ìyàtọ̀ kan tó wà láàárín wọn ni pé ẹlẹ́gbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ a máa sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó mú, ọmọ dísípáàṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn ni.

Ìdí tí wọ́n fi ń sáré

Gbogbo wa la máa ń ṣàròyé pé eré àwọn dísípáàṣì ti pọ̀ jù, òótọ́ sì ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí eré náà ti ń wá. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó fi ń wọlé fún wọn. Àwọn kan ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Àwọn kan gba alùpùpù lọ́wọ́ olówó, wọ́n ń dá iye kan fún un lọ́sẹ̀ títí alùpùpù náà yóò fi di tiwọn. Bí ojò rọ̀, bí ara kò yá, owó ọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Àwọn kẹta ń ṣiṣẹ́ lórí áàpù, iye ìrìn tí wọ́n bá rìn ni wọn yóò gbowó lé. Fún ẹni kejì àti ẹni kẹta, ìṣẹ́jú tó bá fi dúró, òfò ni.

Àwa oníbàárà sì ń jẹ nínú ìṣẹ́jú náà. Ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa ni kò ní nọ́ńbà, tàbí tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tẹ̀ lé ti aládùúgbò rẹ̀. «Tí o bá dé ibi mọ́ṣáláṣí, wo géètì dúdú tó dojú kọ ẹni tó ń ta gáàsì» ni àdírẹ́sì tí a sábà ń fún wọn. Mọ́ṣáláṣí méjì ló sì wà lójú òpópónà náà. Dísípáàṣì yóò wá máa fi ọwọ́ kan tẹ fóònù, yóò sì máa fi èkejì di ọwọ́ alùpùpù mú. Bí ó bá dé, oníbàárà lè wà nínú ìpàdé. Bí oníbàárà bá jáde, ó lè ní aṣọ náà kò rí bó ṣe rí nínú àwòrán, kí ó ní òun kò gbà á mọ́. Nínú ètò tí a ti ń sanwó lẹ́yìn tí ọjà bá dé, ìrìn àlọ àti ìrìn àbọ̀ náà ti di ìjà láàárín ẹni tó tà, ẹni tó rà, àti ẹni tó gbé e. Ẹni kẹta yìí ni ohùn rẹ̀ kéré jù níbẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ kékeré kan wà fún oníbàárà: kí a fi àmì ibi tí a wà ránṣẹ́ láti orí máàpù fóònù kí ó tó gbéra, kí a sì gbé ìpè nígbà tó bá dé. Ó bọ́gbọ́n mu pẹ̀lú kí a fi orí ìjókòó ká ọ̀rọ̀ owó ìdápadà pẹ̀lú ẹni tó ń tajà kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀.

Ìjà láàárín ìkánjú àti ààbò yìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn rí. Ní ìlú New York ní àwọn ọdún 1980, àwọn ajíṣẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gbé ìwé àwọn lọ́yà àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kiri láàárín ìlú. Iye ìwé tí wọ́n bá gbé ni wọ́n ń gbowó lé, wọn a sì máa sáré gba àárín àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1987, Edward Koch, olórí ìjọba ìlú náà, kéde pé òun yóò lé kẹ̀kẹ́ kúrò ní òpópónà mẹ́ta, Fifth, Park àti Madison, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ajíṣẹ́ tú sójú títì pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn, ilé ẹjọ́ sì fagi lé ìfòfindè náà nítorí pé ìjọba kò ṣe ìkéde rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ìlú ọ̀hún tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn òfin tí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà gbé kalẹ̀ ní ọdún 2021 ní kí ilé oúnjẹ jẹ́ kí ẹni tó wá gbé oúnjẹ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, kí ìjọba sì fi ìdí owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ múlẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí áàpù oúnjẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ áàpù pe ẹjọ́, wọn kò jàre, owó náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 2023 ní dọ́là 17.96 fún wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dísípáàṣì tó ti wà lójú títì láti aago méje àárọ̀ ibi tí ó ń gbà á sí ní Èkó.

Ohun tí òfin wa ní nílẹ̀

Ní orílẹ̀-èdè wa, ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ń gbé ẹrù jíṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NIPOST. Ìwé náà pé oríṣi, láti èyí tó kárí ayé dé èyí tó wà fún ìlú kan ṣoṣo. Ní oṣù keje ọdún 2020, nígbà tí owó tuntun tí wọ́n gbé lé e jáde, láti mílíọ̀nù 20 náírà fún ilé-iṣẹ́ tó ń kárí ayé dé 250,000 fún oníṣòwò kékeré, ariwo ta débi pé Mínísítà Isa Pantami ní kí wọ́n dá a dúró. Àwọn oníṣẹ́ yìí tún ń ké lórí sítíkà oríṣiríṣi tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn láti ìjọba ìbílẹ̀ kan sí èkejì, ohùn wọn lórí èyí sì tọ́ sí gbígbọ́. Ẹni tó bá gun alùpùpù gbọ́dọ̀ ní ìwé ìwakọ̀ ti ìsọ̀rí A. Ní ti akoto, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú un ṣẹ; a ò tíì gbàgbé àwọn tó dé igbá àti ike ọ̀dà sórí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

A dé ibi ìbéèrè tí a bi ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dísípáàṣì gbà pé ìwé adójútòfò tí àwọn ra fún alùpùpù ti bo àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adójútòfò tí òfin mú ní dandan, èyí tó jẹ́ 3,000 náírà lọ́dún fún alùpùpù láti oṣù kìíní ọdún 2023, wà fún ẹlòmíràn tí alùpùpù náà bá ṣe léṣe tàbí tó ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́. Kò san kọ́bọ̀ lórí ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún.

Ohun tó lè bo onítọ̀hún ni Òfin Ìdápadà fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, tí àjọ NSITF ń bójú tó. Agbanisíṣẹ́ ni yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sínú àpò àjọ náà. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, àpò yìí ni yóò san owó ìtọ́jú àti owó ìdápadà bí ó bá di aláàbọ̀ ara. Bí ó bá kú, ìyàwó tàbí ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò gbà á. Òfin náà kò béèrè bóyá ìwé iṣẹ́ wà. Àdéhùn ẹnu tó, iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó farapa ní láti sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ sọ fún àjọ náà láàárín ọjọ́ 7. Ìyá tó ní alùpùpù mẹ́ta tó fi ọmọ mẹ́ta sídìí wọn, tó ń san owó oṣù fún wọn, agbanisíṣẹ́ ni lójú òfin yìí, bí kò tilẹ̀ ka ara rẹ̀ sí ilé-iṣẹ́.

Ẹni tó wà níta ni ẹni tó ń dá owó ọ̀sẹ̀ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí áàpù, tí àdéhùn rẹ̀ sọ pé ó dá dúró ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn wọ̀nyí ló sì ń sáré jù. Kí ẹni tó bá fẹ́ wọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ béèrè kó tó tọwọ́ bọ̀wé bóyá ilé-iṣẹ́ áàpù náà ra adójútòfò ìjàǹbá fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, iye tó ń san, àti bóyá ó ń bo wákàtí tí ó fi ń dúró de iṣẹ́. Ìdáhùn tí kò bá wà nínú ìwé, kí a má gbára lé e.

Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, ètò ìlera ìpínlẹ̀ yìí, Ìlera Èkó, ṣí sílẹ̀. Kò dìgbà tí ènìyàn bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ti ilé-iṣẹ́ ńlá kó tó forúkọ sílẹ̀. Ọlọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́ àti dísípáàṣì lè dá ṣe é fúnra wọn tàbí pẹ̀lú ìdílé wọn. Láti ọdún 2024 ni àṣẹ Gómìnà ti sọ níní adójútòfò ìlera di dandan fún olùgbé ìpínlẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ dísípáàṣì ní àdúgbò kan lè kó ara wọn jọ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè, tó jáde ní ọdún 2014, sọ pé ilé ìwòsàn kankan, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹni tó farapa nítorí ìdí kankan, owó pẹ̀lú. Ìjìyà rẹ̀ ni owó ìtanràn 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Bí ẹ bá rí dísípáàṣì tó ṣubú, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wá ẹrù tó gbé. Ẹ má ṣe fà á dìde ní ìkánjú, ẹ dá ọkọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì pe 767 tàbí 112, tí í ṣe nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122.